Òǹtẹ̀ Inú Ìwé Àjọkẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Àjọkẹ́ Ògúnlàdé, ẹ gbé bébà síwájú rẹ̀ kí ẹ ní kó yára fọwọ́ sí i. Kì í pariwo, kì í bú èèyàn. Yóò yọ awò ojú rẹ̀, yóò fi etí ìró nù ún, yóò tún un wọ̀, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka bébà náà láti òkè wá, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, títí ẹni tó gbé e wá yóò fi wá àga jókòó. Àwọn kan ní agídí ni. Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n fún ogún ọdún ó lé, mo mọ̀ pé kì í ṣe agídí rárá. Ó ti fọwọ́ sí ìwé kan rí láìwò ó dáadáa, ojú sì tì í débi pé kò gbàgbé.

Ará Òkè-Ihò ni. Ọdún 1989 ló wá sí Sango, nígbà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ń ya wọ ibẹ̀ nítorí iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń yọ́ irin ló gbà á, wọ́n sì fi í sídìí òṣùwọ̀n ọkọ̀ ní ẹnu géètì. Bí tírélà bá kó irin àlòkù dé, yóò gun orí pátákó irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì yọ nínú yàrá kékeré tí Àjọkẹ́ jókòó sí. Yóò fi nọ́ńbà náà wé ti inú ìwé awakọ̀. Tí wọ́n bá bára mu, yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò ṣí géètì. Ọ̀gá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà ni Alhaji Mùsílíù, ọmọ bíbí Ọ̀tà, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí kì í mu tíì tí wọn kò bá fi ṣúgà mẹ́fà sí i.

Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó débẹ̀ tí tírélà kan fi ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ òjò. Nọ́ńbà tó yọ kò bá ti inú ìwé mu. Awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Madam, na rain! Rain don beat this motor from Ibadan reach here. No vex."

Àjọkẹ́ wo ọkọ̀ náà. Omi ń kán lára tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù. Òjò ti pa ọkọ̀ náà lóòótọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó fọwọ́ síwèé, ọkọ̀ wọlé. Nígbà tí Alhaji yẹ ìwé ọjọ́ náà wò nírọ̀lẹ́, ó pè é.

"Àjọkẹ́, òjò pa ọkọ̀ yìí lóòótọ́?"

"Ó pa á, sà. Mo fojú mi rí i."

"Nọ́ńbà tìẹ ńkọ́? Ṣé ó ju ti inú ìwé wọn lọ ni, àbí kò tó o?"

"Kò tó o, sà."

"Òjò wo wá ni òjò tó ń rọ̀ sórí ẹrù tí ẹrù ń fúyẹ́ sí i?"

Ìgbà náà ló tó yé Àjọkẹ́. Wọ́n ti já nínú irin náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tó dùn ún jù ni pé awakọ̀ náà kò purọ́. Òjò rọ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé tí kò kan ohun tí òun ń wò ló fi dá òun lóhùn, òun náà sì gbà á bí ọmọdé. Alhaji lè lé e lọ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Kò lé e. Ó ní kó jókòó, ó fara balẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bi nọ́ńbà ní ìbéèrè, ó sì lọ dúró fún un lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà. Títí dòní, bí Àjọkẹ́ bá ń gbàdúrà láàárọ̀, Alhaji wà lára àwọn tó ń dárúkọ fún Jésù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́sáláṣí ni Alhaji ń lọ.

Ní ilé-iṣẹ́ yẹn náà ló ti pàdé Amos, ọmọ Ìkirè, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí Abísọ́lá, wọ́n gba yàrá méjì ní Ilo-Awela. Ní ọdún 1996, ìjọ kan bẹ̀rẹ̀ ìsìn nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan nítòsí wọn, wọ́n sì ń lọ síbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ níwájú. Àsìkò yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì ń gorí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀tà, tí yunifásítì náà sì tún tẹ̀ lé e; oko ẹ̀gẹ́ tí ẹ kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ ó padà débẹ̀ ẹ ó bá géètì gàgàrà àti ọlọ́dẹ tó ń bi yín pé ta lẹ wá rí.

Ìjọ yìí ní àṣà kan. Ẹ̀yìn ìwàásù ni ìjẹ́rìí máa ń wáyé, ẹni tó bá sì ń jẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀. Yóò sọ ohun tí Olúwa ṣe fún un tán pátápátá, kó tó wá sọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú bàbá rẹ̀. Olùdásílẹ̀ ìjọ ló fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní orúkọ Ọlọ́run ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú nínú ohun gbogbo. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi gba ìsìn sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998, irin yíyọ́ ta sí Amos lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Oṣù márùn-ún ló fi wà nílé. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, Àjọkẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó wà nídìí òṣùwọ̀n, nítorí òun nìkan ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì nígbà náà, kò sì lè fi ọjọ́ iṣẹ́ ṣeré. Nígbà tó délé, àwọn aládùúgbò ń sọ fún un pé Amos jẹ́rìí, pé omi jáde lójú àwọn. Ó bi Amos pé kí ló sọ. Amos wúkọ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe kó tó sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo dúpẹ́ náà ni." Kò fi kún un, bí Àjọkẹ́ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tó.

Nígbà tó di ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró, Àjọkẹ́ wà lára wọn. Ìjọ ló gbà á sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kó máa tọ́jú yàrá kásẹ́ẹ̀tì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré mú Amos lọ. Kò sí fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ nílé wọn láyé ìgbà náà. Fọ́tò pọ̀. Ohùn kò sí.

Abísọ́lá jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Nígbà tó di méjìdínlógún tó ń di ẹrù lọ sí yunifásítì, ó dédé dáwọ́ dúró, ó ní, "Mọ́mì, mi ò rántí ohùn Dádì mọ́ o. Ojú wọn ni mo ń rí." Àjọkẹ́ ń ká aṣọ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju bí ọmọ náà ṣe mọ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ohùn Amos wà nínú ayé yìí. Ó wà nínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, nínú ọ̀kan nínú kásẹ́ẹ̀tì ọdún 1998. Àmọ́ ikán ti jẹ gbogbo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kásẹ́ẹ̀tì ọdún náà. Méjìléláàádọ́ta ni wọ́n, gbogbo wọn dúdú, kò sí èyí tó ní déètì lára.

Àsìkò yẹn náà ni ìjọ pinnu pé kí wọ́n kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé wọ́n ti ń bu. Gbóyèga, ọkùnrin kan tó ń ṣe olùkọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun náà, ló ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo Sátidé. Àjọkẹ́ lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó lè bí, ó ń fi ìka kan tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ.

Gbóyèga ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá nǹkan kan ti ṣe fáìlì. Ó tẹ gbólóhùn kan sínú kọ̀ǹpútà: Àjọkẹ́ ń gbé ní Ọ̀tà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ka fáìlì náà láti orí dé ìdí, kọ̀ǹpútà sì kọ ìlà kan jáde, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlélọ́gbọ̀n tí wọn kò ní ìtumọ̀ létí ẹnikẹ́ni. Ó tún un ṣe, ìlà kan náà ló jáde. Ó wá pa àmì ìdánudúró tó parí gbólóhùn náà rẹ́, àmì kékeré tí ojú Àjọkẹ́ kò tilẹ̀ rí dáadáa. Ìlà tó jáde lẹ́ẹ̀kẹta kò jọ ti àkọ́kọ́ níbì kankan.

Àjọkẹ́ sún mọ́ ọn. "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ n bi yín. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n máa ń já irin sílẹ̀ kí wọ́n fi òkúta dípò ẹ̀, kí nọ́ńbà lè bára mu. Èyí ńkọ́?"

Gbóyèga fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, kò sí bí fáìlì ṣe máa bàjẹ́ fúnra ẹ̀ tó máa ṣèèṣì rí òkúta tó bá eléyìí mu."

"Ah. Òṣùwọ̀n yìí dáa ju tèmi lọ nígbà yẹn."

Gbóyèga ní ṣẹ́kìsọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Àjọkẹ́ ní ẹnu òun kò gbà á, pé òǹtẹ̀ ni òun yóò máa pè é, òǹtẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ nínú yàrá yẹn títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Gbóyèga kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe tọ́jú òǹtẹ̀ sójú kan náà pẹ̀lú fáìlì, torí ẹni tó bá fọwọ́ kan fáìlì lè fọwọ́ kan òǹtẹ̀ náà. Kí ló kù? Àjọkẹ́ ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan ní Òjúọrẹ, ó fi rúlà fa ìlà sí i. Bí wọ́n bá ti gba ojú kásẹ́ẹ̀tì kan sínú kọ̀ǹpútà, yóò kọ lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́ àti mẹ́jọ ìparí nínú òǹtẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́bàá rẹ̀, ó tún ń kọ bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, ohun tí Gbóyèga kò sọ fún un pé kó ṣe. Ó ní òun kò lè rí ẹrù kí òun má kọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba kásẹ́ẹ̀tì máa ń sáré ni, igbe bíi ti òròmọdìẹ ló ń jáde níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá ohùn èèyàn mọ̀ nínú rẹ̀. Torí náà, ti ọdún 1998 kọjá níwájú Àjọkẹ́ bí ìyókù ṣe kọjá. Ó lè yọ wọ́n sọ́tọ̀ kó máa gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọ ni kí òun kọ́kọ́ parí, pé tòun lè dúró. Ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ló ń bà òun. Bí òun bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán tí Amos kò sí níbẹ̀ ńkọ́? Tí òun kò bá tíì wá a, ó ṣì wà níbẹ̀.

Báyìí ló ṣe di oṣù kọkànlá ọdún 2014. Iṣẹ́ parí, ojú kásẹ́ẹ̀tì 1,740. Pásítọ̀ Adébọ̀wálé, tó ń bójú tó ẹ̀ka ìgbàsílẹ̀, ní yàrá kásẹ́ẹ̀tì yóò di kíláàsì àwọn ọmọdé. Ọkọ̀ kan yóò wá láti Igbesa ní ọjọ́ Ẹtì, yóò kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì lọ síbi tí wọn yóò ti dáná sun wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí Àjọkẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo ẹ̀dà pé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà ló yẹ òǹtẹ̀ wò fún ìgbà ìkẹyìn. Ọkọ̀ ti dé, àwọn alágbàrù ti ń gbé páálí jáde. Ọdún 2005 bá ìwé rẹ̀ mu, 2004 bá a mu, ó ń bọ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé 1998. Èyí àkọ́kọ́ kò bá a mu. Ó rò pé ojú òun ni. Ó nu awò rẹ̀, ó tún un ṣe. Kò bá a mu. Èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Láti 1998 lọ sẹ́yìn dé ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjọ, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí òǹtẹ̀ rẹ̀ bá ti inú ìwé mu. Ó so dírááfù méjì tí wọ́n kó ẹ̀dà sí mọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. 

Pásítọ̀ wọlé. "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ti sign?"

"Rárá, sà. Two hundred and sixty fáìlì ni kò bá òǹtẹ̀ mu."

Ephraim wà níbẹ̀. Òun ni ọkùnrin tó ń darí kọ̀ǹpútà ìjọ, ọmọlúàbí èèyàn, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ìpàdé àdúrà, òun ló máa ń to àga. Ojú rẹ̀ tàn.

"Mọ́mì, ẹ má jáyà, èmi ni! Mo rí i pé àwọn fáìlì yẹn kàn bẹ̀rẹ̀ lórí orin ni, kò sí orúkọ Ọlọ́run níwájú wọn. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Mo bá gba ohùn mi sílẹ̀, 'Ògo ni fún Ọlọ́run lókè ọ̀run,' mo fi síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Three weeks ni mo fi ṣe é, níbi oldest ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo sì ti kó wọn sí gbogbo dírááfù kí wọ́n lè jẹ́ bákan náà. Mo fẹ́ fi ṣe surprise fún yín ni."

Pásítọ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ògo Ọlọ́run ló fi kún un. Kò ṣáà ní bára mu mọ́. Ẹ sign, Mọ́mì, dírẹ́bà ń dúró."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fáìlì kan. Ohùn Ephraim jáde, ó dùn, ó mọ́ gaara, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin ọdún náà mú orin bọnu. Kò sí ohun tó ṣe é. Níta, awakọ̀ ń fọn fèrè ọkọ̀. Bírò ti wà lọ́wọ́ Àjọkẹ́.

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ohun tí Ephraim sọ kì í ṣe irọ́, gbogbo wọn ni wọ́n sì fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó tún awò rẹ̀ wọ̀, ó sún ìka rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ìwé rẹ̀, níbi tó kọ ìwọ̀n sí, ó wo ti ojú kọ̀ǹpútà, ó tún padà wo ti inú ìwé.

"Ephraim, ọmọ mi, o ní o fi ohùn kún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tó fi fúyẹ́?"

Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ wọn.

"Wò ó. Bó ṣe tóbi tó tẹ́lẹ̀ nìyí. Bó ṣe kù nìyí. Èyí náà fúyẹ́. Èyí náà. Ohun tí wọ́n fi nǹkan kún, ṣé ó yẹ kó dín kù ni? Ẹ bá mi gbé e lọ sí ìparí."

Ephraim gbé e lọ sí ìparí. Obìnrin kan ń jẹ́rìí. Ó ní dókítà sọ pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́, ó ní òun wá kúnlẹ̀, òun ní Olúwa... Ó pin síbẹ̀. Wọ́n ṣí òmíràn, ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ bàbá kan lẹ́nu. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ìwàásù pé, orin pé. Ìjẹ́rìí tó máa ń wà níparí, àti orúkọ àwọn tó jẹ́ ẹ, ni kò sí mọ́. Àjọkẹ́ pe Gbóyèga lórí fóònù. Gbóyèga bi Ephraim pé irinṣẹ́ wo ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ephraim dárúkọ rẹ̀, ó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni òun ti mú un.

"Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ nìyẹn," Gbóyèga wí. "Forty minutes péré ló máa ń fi pamọ́. Ojú kásẹ́ẹ̀tì yín, forty-five ni. Ṣé àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà?"

Pásítọ̀ Adébọ̀wálé kì í sáré. Ó sanra, ó sì fẹ́ràn kí aṣọ rẹ̀ gún. Lọ́jọ́ yẹn, ó sáré. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta, "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Gbogbo ẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!" Fúnra rẹ̀ ló gbé páálí ọdún 1998 padà wọlé, eruku ikán kún àyà kóòtù rẹ̀. Ó gbé e síwájú Àjọkẹ́, ó mí hẹlẹ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níṣojú àwọn alágbàrù.

"Mọ́mì, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fẹ́ fipá mú yín, Olúwa ò gbà fún mi."

Àjọkẹ́ ní kó dìde, kò yẹ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn ohun tó wà fún òun nínú páálí náà. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀, ó ń dúpẹ́ nínú lọ́hùn-ún, lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ Gbóyèga, lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní Ọ̀tà tó fẹ́ràn ṣúgà. Ephraim jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Àjọkẹ́ lọ fà á dìde. Ó ní òun náà ti fọwọ́ síwèé nítorí òjò rí, pé ẹnì kan ló jẹ́ kí òun jókòó kí òun kọ́ ọ, pé kí Ephraim náà wá jókòó.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí. Pásítọ̀ ní kí ẹ̀rọ má sáré mọ́, kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ìparí. Ojoojúmọ́ ni Ephraim ń dé ṣíwájú Àjọkẹ́. Òun ń yí kásẹ́ẹ̀tì, Àjọkẹ́ ń kọ òǹtẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́rú, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n wà lórí kásẹ́ẹ̀tì dúdú kan tí kò ní orúkọ. Ìwàásù parí. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì kọjá. Wọ́n pe ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí. Ẹnì kan wúkọ́ díẹ̀.

Bírò Àjọkẹ́ dúró lórí ìwé.

"Ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Iná jó mi lẹ́sẹ̀, gbogbo yín lẹ gbọ́. Oṣù márùn-ún ni ẹnì kan fi ń fọ egbò mi kó tó lọ síbi iṣẹ́, tó bá dé, á tún un fọ̀. Egbò yẹn rùn. Èmi fúnra mi ò lè wò ó. Kò fi ojú burúkú wò mí lọ́jọ́ kan. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi lẹ́ni náà. Wọ́n ní ká sọ orúkọ wa àti ìlú bàbá wa. Ìkirè ni bàbá mi ti wá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wá mi, ẹ má wá mi dé Ìkirè. Amos Ògúnlàdé ni mí, ọkọ Àjọkẹ́. Ó wà níbi iṣẹ́ báyìí. Òun ni mo fi lè dúró síbí."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ephraim gbọ́ orúkọ náà, ó yíjú sí Àjọkẹ́. Omi ń dà lójú Àjọkẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì nù ún.

"Ẹ ṣé o, Bàbá Abísọ́lá," ó wí. "Ẹ ṣé, ọkọ mi. Mo gbọ́."

Ó dúró títí kásẹ́ẹ̀tì fi tán. Ó kọ òǹtẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé, gbogbo méjìlélọ́gbọ̀n, kò fo ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà ló tó mú fóònù, ó pe Abísọ́lá ní yunifásítì, ó ní, "Má sọ nǹkan kan, gbọ́," ó sì gbé fóònù náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ephraim ti yí i padà síbi ikọ́ náà. Amos sọ pé ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀ ọ́n sọ.

Kò tíì débi orúkọ rẹ̀ tí Abísọ́lá fi ní, "Dádì."